Arìngbẹ̀rẹ̀, Ọmọbìnrin Inú Fíìmù Tí Ràmótà Fẹ́ràn

Nígbà tí orúnkún mi ṣì ń gbọ́ tèmi, tí mo lè dìde lórí ẹní láìdi ògiri mú, èmi náà fẹ́ràn ọmọbìnrin inú fíìmù kan. Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ rín in dáadáa. Ẹ rò pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ fẹ́ràn àwòrán tó ń rìn tó ń sọ̀rọ̀ láyé yìí? Láti ìgbà tí mo ti kírun Àsárì ni mo ti ń gbọ́ yín. Ṣẹ̀rífá ní irun ọmọbìnrin tiyín yẹn ló dáa. Sáínábù ní rárá o, àyà tó ní ló wu òun, pé kì í bẹ̀rù ohunkóhun. Ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lé e lórí. Ó dáa, ẹ wá jókòó… ẹ sún kúrò lójú oòrùn yẹn… kí n sọ ti tiwa fún yín. Torí tiwa, ẹ̀rù ń bà á o. Ẹ̀rù ń bà á látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Irun orí rẹ̀ gan-an, wọ́n ti gé e mọ́lẹ̀.

Ràmótà, àbúrò mi, ìyá tó bí bàbá yín, òun ló ni ìtàn yìí. Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ ẹ. Ẹ ò bá a láyé. Àwòrán rẹ̀ tó wà ní pálọ̀, ó jókòó nínú rẹ̀, ẹ ò lè mọ̀ pé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ò dá ṣáṣá.

Níbí ní Ẹ̀jìgbò ló ti ṣe é. Kò tíì ju ọmọ tó ń rìn tẹ̀lé ìyá rẹ̀ dé ẹ̀yìnkùlé lọ. Ibà ló kọ́kọ́ jọ. Nígbà tí ibà náà máa lọ, ó mú agbára ẹsẹ̀ lọ. Rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ni. Lónìí, ẹ ń rí àwọn elétò ìlera tí wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, tí wọ́n ń kán oògùn sọ́mọ lẹ́nu. Ta ló mọ ìyẹn nígbà yẹn? Ẹsẹ̀ náà tín-ín-rín. Bó bá ń rìn, èjìká rẹ̀ á lọ sílẹ̀, á tún gòkè, á lọ sílẹ̀, á tún gòkè.

Ìyá wa fẹ́ràn rẹ̀ o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n ìtìjú wà nínú ìfẹ́ yẹn. Bí àlejò bá ti yọ lọ́nà, ìyá wa á ní, "Ràmótà, wọlé lọ mú nǹkan wá fún mi." Ọmọ á wọlé. Kò sí nǹkan tó fẹ́ kó mú. Ràmótà náà mọ̀. Á kàn jókòó síbẹ̀ títí àlejò á fi lọ.

Nígbà tí mo wá relé ọkọ, ọkọ mi mú mi lọ sí Àbíjàn. Ẹ mọ̀ pé àwa ará Ẹ̀jìgbò, ọ̀nà Kódífuà dà bí ọ̀nà oko fún wa. Ìyá wa di ẹrù Ràmótà mọ́ tèmi. Ó ní, "Mú un dání. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n níbẹ̀."

A dé Àbíjàn. Àgbàlá ńlá kan là ń gbé, ilé yí i ká, gbogbo wa ń lo omi ẹ̀rọ kan. "Kúù" ni wọ́n ń pe irú àgbàlá bẹ́ẹ̀. Àwa ará Ẹ̀jìgbò wà níbẹ̀, àwọn ará Ifẹ̀-Ọ̀dàn wà níbẹ̀, àwọn onílẹ̀, àwọn ọmọ Kódífuà gan-an, náà wà. Èmi ń ta abọ́ ní ọjà. Ràmótà… kò jáde. Ó ti di ọmọge, kò sì jáde rí kọjá ẹnu géètì. Ìró rẹ̀ a máa wọ́ nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rí ẹsẹ̀ yẹn. Inú ilé ló wà, tó ń bá àwọn ọmọ onílẹ̀ ṣeré, ibẹ̀ ló sì ti gbọ́ Faransé ju gbogbo wa lọ. Èmi? Faransé tèmi ò ju "ẹ wá rà á" àti "mi ò lè gbà bẹ́ẹ̀" lọ.

Bàbá Lásísì, ayàwòrán tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa, òun nìkan ló ní tẹlifíṣọ̀n àti fídíò. Bó bá di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, á gbé e jáde sí àgbàlá, kálukú á gbé àpótí ìjókòó tirẹ̀ wá. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo, gbogbo àgbàlá! Kì í ṣe bíi tiyín tí kálukú ń wo tirẹ̀ ní kọ̀rọ̀ o. Lọ́jọ́ kan, ó mú kásẹ́ẹ̀tì kan wá, àwòrán tí wọ́n fi ọwọ́ yà. Àwa àgbàlagbà ní tọmọdé ni. Ṣùgbọ́n a ò dìde.

Ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìlú kan wà lẹ́sẹ̀ òkè, òtútù ń mú níbẹ̀ gan-an. Gbogbo iná ìlú náà kú. Iná ò sí nínú ààrò kankan. Ìyá arúgbó kan lórí òkè nìkan ló kù tó ní iná. Àwọn géńdé gbéra, wọ́n sáré lọ, wọ́n bu ògúnná sínú ìkòkò, wọ́n sì ń sáré bọ̀. Bí wọ́n ṣe ń sáré ni atẹ́gùn ń fẹ́ iná wọn. Ògúnná á jó, á jó, á di eérú kí wọ́n tó délé. Gbogbo wọn. Ló bá kan ọmọbìnrin kékeré kan tó ń tiro. Wọ́n fi í ṣẹ̀sín. Ó lọ. Ó bo ògúnná rẹ̀ mọ́ inú eérú, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀ bọ̀. Òjò bá a lọ́nà. Odò bá a lọ́nà. Ẹ̀rù ń bà á, ó ń sunkún, ó ń rìn. Nígbà tó dé ìlú, tó ṣí eérú yẹn… ojú iná pọ́n báyìí!

Faransé ni wọ́n ń sọ, a ò gbọ́. Ràmótà bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀ fún wa láti ẹnu ilẹ̀kùn tó jókòó sí. Ohùn rẹ̀ kéré. Ìyá Ṣítù tó ń ta èédú pariwo pé, "Sọ ọ́ sókè, ọmọ yìí! Kí ni wọ́n wí fún un?" Àfi ìgbà tó dìde, tó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, tó ń túmọ̀ fún gbogbo ayé. Mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ga tó bẹ́ẹ̀ rí.

Orúkọ tí wọ́n pe ọmọbìnrin náà nínú fíìmù, ahọ́n wa ò lè gbé e. Ìyá Ṣítù ló sọ ọ́ lórúkọ. Ó ní, "Ṣé ẹ rí i? Arìngbẹ̀rẹ̀ ní í móyè délé, asáré tete ò róyè jẹ. Arìngbẹ̀rẹ̀ lorúkọ rẹ̀." Bó ṣe di Arìngbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, mò ń gbọ́ ariwo ọmọdé nínú àgbàlá. Mo yọjú. Gbogbo wọn ló gbé agolo mílíìkì dání, wọ́n bu eérú sínú rẹ̀, gbogbo wọn ló ń tiro! Ràmótà náà jáde láti ilé ìdáná. Ó rí wọn. Èjìká ń lọ sílẹ̀, èjìká ń gòkè, káàkiri àgbàlá. Ìdérí ìkòkò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wọlé, ó ń sunkún. Mo fa ìgbálẹ̀ yọ, mo ní màá na gbogbo wọn. Àwáwù, ọmọ àwọn ará Ifẹ̀-Ọ̀dàn, òun ló kéré jù nínú wọn, ó gba abẹ́ apá mi kọjá, ó lọ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ní, "Tàǹtí Ràmá, ẹ má bínú. Arìngbẹ̀rẹ̀ là ń ṣe. A ò mọ̀ ọ́n rìn ni. Ẹ wá kọ́ wa."

Ìgbálẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ni mo bá gbọ́ ẹ̀rín nínú yàrá. Ràmótà ń rẹ́rìn-ín! Ó jáde, ó ti ká ìró rẹ̀ sókè. Ojú gbogbo èèyàn rí ẹsẹ̀ náà. Ó gba agolo lọ́wọ́ ọmọ yẹn, ó ní, "Ẹ ò ṣe é dáadáa. Èjìká ló kọ́kọ́ ń lọ, kì í ṣe ìdí. Ẹ máa wò mí."

Ẹ wá ń bi mí pé kí ló dé tí àgbàlagbà fi ń fẹ́ràn ọmọ inú fíìmù? Kálukú ló ní ìdí tirẹ̀. Ìyá Ṣítù ní, "Ohun tó wù mí lára ọmọ náà ni pé wọ́n bú u, kò dá èébú padà, òun náà ò sì padà sẹ́yìn." Bàbá Lásísì ní ẹni tó ya àwòrán yẹn ti fara balẹ̀ wo ẹni tó ń tiro rí, pé kò yà á bí ẹni tó ń ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi, ẹkún rẹ̀ ló wù mí. Kò dúró kó tó sunkún. Ìrìn ń lọ, ẹkún ń lọ. Mo ti rìn bẹ́ẹ̀ lọ sọ́jà rí.

Ṣùgbọ́n Ràmótà… ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ kíyè sí i? Wọn ò wo ẹsẹ̀ rẹ̀ sàn. Mo ti rò pé wọ́n á wò ó sàn níparí, mo ti ń múra láti bínú. Iná jó, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà bó ṣe wà."

Láti ìgbà náà ló ti ń jáde. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló fi ń tẹ ẹ̀rọ. Ibẹ̀ ni Mùfú ti rí i, ọmọ Masífà, ẹ̀gbẹ́ wa níbí, tó ń ta bàtà. Ó rí i bó ṣe ń rìn, ó sì ní òun fẹ́. Inú wa dùn. Wọ́n dájọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, a wálé, sínú ilé tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ yìí.

Ẹ̀gbọ́n bàbá wa wá gbé ìmọ̀ràn kalẹ̀. Ó ní, "Ìyá ọkọ ò tíì rí i. Ẹ jẹ́ kí Ràmótà ti wà níjòókòó kí wọ́n tó dé. Kó má sì dìde títí wọ́n á fi lọ." Ìyá wa ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ràmótà wò wọ́n. Ó ní, "Lẹ́yìn ìgbéyàwó ńkọ́? Ṣé ìjókòó náà ni màá bá wọ ilé wọn?" Wọ́n ní kó dákẹ́.

Ó jókòó. Àwọn àlejò dé, ọ̀rọ̀ ń dùn. Ìyá Mùfú wá ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Ọmọ kan fẹ́ sáré bu omi, Ràmótà dá a dúró. Ó dìde. Háà! Ìyá wa di etí ìró mi mú. Ràmótà bu omi, ó gbé e sórí àwo, ó sì la àárín gbogbo wọn kọjá, láti ìkángun kan dé ìkángun kejì. Ọ̀nà ò jìn, ṣùgbọ́n lójú mi, ó jìn ju Àbíjàn lọ. Ó kúnlẹ̀, ó na ẹsẹ̀ òsì yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí kì í ṣẹ́ po. Ó ní, "Màmá, omi yín rè é. Bí mo ṣe ń rìn nìyẹn. Ẹ wò mí dáadáa kí ẹ tó mu ún."

Obìnrin náà gba omi. Ó dì í mú. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo Ràmótà. Ó gbé omi náà kalẹ̀, kò mu ún.

Wọ́n kí wa, wọ́n lọ. Kò sẹ́ni tó bú ẹnì kan. Lẹ́yìn náà ni Mùfú dá wá, ó ní ìyá òun ò fẹ́. Ràmótà bi í pé, "Ìwọ ńkọ́?" Mùfú ń wo ilẹ̀. Ràmótà ní, "Ó dáa. Máa lọ, kí Ọlọ́run mú ọ délé ire."

Ìyá wa ní, "O ti fọwọ́ ara rẹ tú ilé rẹ ká." Ràmótà sunkún gan-an, kò sì jẹun. Ó sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe pé wọ́n lọ ló ń dùn mí. Mùfú ò gbójú sókè. Òun ló ń dùn mí." Mo bi í pé ta ló fún un láyà lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, "Àyà wo? Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Èyí tó dáa gan-an ló ń gbọ̀n jù. Mo kàn ń sọ fún ara mi pé, má sáré, má sáré, rọra gbé e débẹ̀."

Ṣé ẹ rí i, Sáínábù? Èyí tí kì í bẹ̀rù, a kàn ń wò ó ni. Èyí tí ẹ̀rù ń bà tó sì lọ, òun lèèyàn lè fara wé.

Kò pẹ́ sígbà náà, ọkùnrin kan dúró sẹ́nu ọ̀nà wa yìí. Ará Ifẹ̀-Ọ̀dàn ni. Ó ṣí fìlà. Ó ní, "Ẹ kú ilé o. Làmídì lorúkọ mi. Èmi ni mo wa mọ́tò tó gbé àwọn ará Masífà wá níjọ́sí. Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni mo jókòó sí." A ní kí ló dé? Ó wo Ràmótà, ó ní, "Omi tí wọn ò mu yẹn… òùngbẹ ń gbẹ èmi náà lọ́jọ́ yẹn."

Bàbá bàbá yín nìyẹn! Ẹ ń pariwo? Bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Ìyá wa ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ ló ní, "Ràmótà, dìde lọ bu omi fún àlejò." Gbogbo wa ló gbọ́ ọ: dìde.

Wọ́n gbé pọ̀ dáadáa. Wọ́n bímọ, wọ́n jà, wọ́n parí ìjà. Ràmótà ránṣọ títí ojú rẹ̀ ò fi ríran wọ abẹ́rẹ́ mọ́. Kásẹ́ẹ̀tì yẹn ti bàjẹ́ tipẹ́, mo sì ti ní kí bàbá yín bá mi wá fíìmù náà kiri. Kò rí i. Báwo ló ṣe fẹ́ rí i? A ò mọ orúkọ rẹ̀. Arìngbẹ̀rẹ̀ là ń pè é, àwa la sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn òyìnbó tó ṣe é ò mọ̀ pé a sọ ọmọ wọn lórúkọ.

Ẹ fẹ́ràn tiyín o, mi ò ní kí ẹ má fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá rí ọmọ kan tó ń dá jókòó, ẹ má bi í léèrè ohun tó ṣe é. Ẹ ní kó wá kọ́ yín ní nǹkan.

Hùn… Ìyá Ṣítù ti lọ. Bàbá Lásísì ti lọ. Ìyá wa, Làmídì, Ràmótà… Àwáwù kékeré yẹn gan-an, mi ò mọ ibi tó wọlẹ̀ sí láyé. Gbogbo àwọn tó gbé àpótí jáde sí àgbàlá yẹn, tí mo bá pe orúkọ wọn báyìí, kò sẹ́ni tó máa jẹ́ mi. Ẹ̀yin nìkan lẹ wà ńbí tẹ́ ẹ ń gbọ́.