Okùn Tó Ti Sinmi

Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wa bọ̀ láti Alájùé wá sí Ẹdẹ, bàbá kan àti ìyàwó rẹ̀ jókòó tì mí, inú sì ń bí bàbá náà gidi.

"Onípáìpù yẹn gé páìpù wa kúrú! Ọ̀la la ń sọ ọmọ-ọmọ wa lórúkọ, páìpù ò kan omi nínú kànga. Mo ti pè é lólè lórí fóònù láàárọ̀ yìí."

"Kí lẹ fi wọn kànga náà?" ni mo bi í.

"Okùn tí a fi ń fa omi. Mo so òkúta mọ́ ọn, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí ó fi kan omi. Mo fà á jáde, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo wọ̀n ọ́n, mo sì fún onípáìpù ní ìwọ̀n náà."

"Okùn rọ́bà yẹn, tí a gé lára túùbù?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Òun náà ni."

Ìyá náà bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Nínú kànga, òkúta ń fà á, ó gùn. Nígbà tẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó ti ṣíwọ́ iṣẹ́, ó ti súnkì. Okùn tó ń sinmi lẹ lọ wọ̀n!"

Okùn tó ń sinmi! Mo yáa kọjú síta, kí n má baà fi àgbàlagbà rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́, oníkẹ̀kẹ́ dúró. "Bàbá, ṣọ́ọ̀bù onípáìpù rèé o."

"Rọra ná, ọmọ mi. Jẹ́ kí n sinmi díẹ̀."

"Ẹ má sinmi jù o," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "kẹ́yin náà má baà súnkì!"