Àwọn Ère Tí Mo Sá Sórí Páànù

Ọ̀nà méjì ni mo gbà ń rántí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, n kò sì mọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Nínú ọ̀kan, èmi ni mo kó àwọn ère wọlé. Nínú èkejì, mo dé, mo sì bá wọn nínú ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Yunifásítì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí n wá kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń dóòlà ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lẹ́yìn ìjì, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo ba irú rẹ̀ jẹ́.

Nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè nínú ìmọ̀ ìtàn ni. Ṣọ́ọ̀ṣì àti yunifásítì ń hù bí olú lójú ọ̀nà Ìdírókò. Ìjì kan ṣí òrùlé ilé kékeré kan ní Ọ̀tà, níbi tí wọ́n ń kó ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àtijọ́ sí. Bàbá Lámídì, àgbà agbẹ́gilére, ni olùtọ́jú ibẹ̀. Àjọ kan ṣèlérí láti tún ilé náà ṣe, wọ́n sì ní kí n máa kọ ohun tó bàjẹ́ sílẹ̀, kí n sì máa ran Bàbá lọ́wọ́.

Ère mẹ́rìnlá ló mu omi, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó là nínú wọn. Bàbá fi àkísà wé gbogbo rẹ̀, wọ́n sì kó wọn sínú yàrá kan ṣoṣo tí òrùlé rẹ̀ kù. Àràárọ̀ ni a ó máa pààrọ̀ àkísà, fún odidi oṣù kan.

Mo bi Bàbá bóyá oòrùn kò ní í tètè mú un gbẹ.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ìwọ akọ̀wé yìí, ṣé ẹja lo fẹ́ yan ni? Igi tó bá mu omi, inú òjìji ni í ti í gbẹ. Má jẹ́ kí oòrùn rí i.”

Lọ́jọ́ tí Bàbá lọ wá pákó òrùlé ní Ìgbẹ́sà, èmi nìkan ló kù. Ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ń ṣe ìdánrawò ní Ìyànà Ìyesí. Wọ́n ti ń pè mí ní “Ìyá Gẹ̀lẹ̀dẹ́” níbẹ̀ nítorí iṣẹ́ yìí, ó sì ń dùn mí. N kò fẹ́ tún pẹ́ dé. Mo tú àkísà kúrò, mo sá àwọn ère sórí páànù tí ìjì ká sílẹ̀ sí àgbàlá, mo sì wọ ọkọ̀ lọ.

Nígbà tí mo padà ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo wọn ti là láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Mo ṣì ń gbọ́ ìró bí wọ́n ṣe ń là, bẹ́ẹ̀ n kò sí níbẹ̀. Ṣé mo gbàgbé ọ̀rọ̀ Bàbá ni, àbí mo fẹ́ kí wọ́n là? Ẹ jọ̀ọ́, n kò mọ̀.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìjì ló là wọ́n. Lọ́jọ́ kẹta, obìnrin tí àjọ náà rán wá yẹ̀ wọ́n wò.

“Omi kọ́ ló ṣe èyí,” ó ní. “Ta ló sá wọn sóòrùn?”

Mo wolẹ̀. Bàbá dúró tì mí, aṣọ wà ní ọwọ́ Bàbá méjèèjì. Mo rò pé àkísà ère ni.

“Èmi ni olùtọ́jú ibí, màdáámù,” ni gbogbo ohun tí Bàbá sọ.

Àjọ náà yọwọ́. Òjò parí èyí tó kù. Ìlú ń sọ pé ogbó ti ba iṣẹ́ Bàbá jẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbé iṣẹ́ ère gbígbẹ́ fún wọn mọ́. Bàbá kú lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gàn náà lọ́rùn wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tó ń ka èyí, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá jẹ́wọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, Bàbá kò ní í gbọ́. Bí mo bá dákẹ́, kí ni mo fẹ́ kọ́ wọn? N kò tọrọ ìdáríjì. Ẹni tó lè fún mi ti lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ bá Rúkáyátù, ọmọ Bàbá, tó ń ta aṣọ ní Toll Gate ní Ṣàngó. Mo bi í léèrè ẹni tó kó àwọn ère wọlé lọ́jọ́ náà. Kò tilẹ̀ ronú.

“Bàbá mi ni, Àǹtí. Ọ̀sán ni wọ́n ti Ìgbẹ́sà dé, wọ́n bá àwọn ère nínú oòrùn. Páànù yẹn gbóná débi pé àtẹ́lẹwọ́ Bàbá méjèèjì ló bó.”