Hóró Ẹ̀wà Inú Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Mi

Ẹ̀yin tí ẹ óò ka ọ̀rọ̀ yìí, inú ẹ̀wọ̀n ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, n kò sì ní jáde níbẹ̀ láàyè. Adájọ́ ti sọ pé títí ọjọ́ ikú mi ni. Ní ilẹ̀ wa, wọn kì í pa ọ̀daràn mọ́. Wọ́n á fi í sílẹ̀ kí ó máa ro ohun tí ó ṣe. Àwọn kan rò pé àánú nìyẹn. Ẹ̀wà ni wọ́n sábà máa ń sè fún wa níbí. Bí wọ́n bá ti gbé e dé, bàbá arúgbó tí a jọ wà nínú iyàrá á bu díẹ̀ sẹ́nu, á ní, "Wá jẹun, ọmọ mi, mo ti tọ́ ọ wò." Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí n lè jẹ ẹ́.

Ọmọ Gbaffo ni mí, lábẹ́ àwọn òkè Dassa. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, ìwọ̀nba ilẹ̀ tó wà láàárín àpáta ni wọ́n ń ro. Nígbà tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀, àbúrò wọn obìnrin, Tántì Véro, ní kí n wá bá àwọn ṣòwò ní ọjà Glazoué. Ẹ̀wà ni Tántì Véro ń tà, àpò lórí àpò. Opó ni wọ́n, wọn kò sì bímọ. Bí ọmọ inú wọn ni wọ́n ṣe mú mi.

Tántì Véro kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kì í tán lẹ́nu wọn. Wọ́n á ní kí n gbá iwájú bútíìkì, ìsọ̀ wa, kí oòrùn tó ràn. Wọ́n á ní bí ọjà bá ní àléébù, èmi ni kí n kọ́kọ́ sọ ọ́, kí n má dúró kí kílíyàn, ẹni tó wá rajà, fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ṣùgbọ́n èyí tí wọn kì í fi ṣeré ni ti eyín. Lọ́dọ̀ wa, a kì í fi ojú nìkan ra ẹ̀wà. Ẹni tó ń tà á á ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpò, á mú hóró kan, á fi eyín fọ́ ọ níṣojú ẹni tó fẹ́ rà á. Bí ó bá dún kó, ó gbẹ. Bí ó bá rọ̀, omi ṣì wà nínú rẹ̀, yóò bu.

"Eyín rẹ ni ìwọ̀n rẹ," Tántì Véro máa ń sọ. "Ohun tí ìwọ kò bá lè jẹ, má tà á fún ọmọ ọlọ́mọ."

Mo gbọ́ràn, mo sì rí èrè rẹ̀. Nígbà tó yá, mo ṣí bútíìkì tèmi ní ìlú Dassa, létí títì. Àwọn ará Kpingni ń sọ̀ kalẹ̀ wá rajà lọ́wọ́ mi, àwọn Mùsùlùmí ọlọ́jà pẹ̀lú. Wọ́n á ní, "Bí ó bá ti fọ́ ọ, ó parí." Orí mi wú. Mo ra alùpùpù, mo sì ya orúkọ mi sára ògiri bútíìkì.

Lọ́dún yẹn, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù wá ṣe fọmasiọ̀n, ìdánilẹ́kọ̀ọ́, fún àwa oníṣòwò. Ó sọ̀rọ̀ nípa bí ènìyàn ṣe ń fi owó pamọ́, bí ó ṣe ń mọ kílíyàn rẹ̀, bí ó ṣe ń kó ara rẹ̀ níjàánu. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹyọ gbólóhùn kan ni mo gbé lọ sílé: "Ẹni tó bá fẹ́ ga kì í jẹ́ kí nǹkan bàjẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́." Ó ń sọ pé kí a tọ́jú ọjà dáadáa. Èmi ni mo gbọ́ ọ sódì.

Kò pẹ́ tí kòkòrò fi bo ẹ̀wà mi. Tántì Véro ní kí n kù ú, kí n sá a sóòrùn, kí n sì da èyí tó ti bàjẹ́ fún ẹlẹ́dẹ̀. Ó dùn mí. Mo pò ó mọ́ èyí tó dára. Ìgbà tí mo fọ́ hóró kan níwájú kílíyàn, ó korò, ìyẹ̀fun kòkòrò kún ẹnu mi, díẹ̀ ló kù kí n tu ú. Láti ọjọ́ náà, kí n tó ṣí bútíìkì láràárọ̀, mo ti fi hóró kan tó dára sínú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí mo bá ki ọwọ́ bọ àpò, òfo ni mo ń gbé sẹ́nu. Ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni mo ń fọ́, á sì dún kó. Èké ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ń ṣe, kò sì sí ẹni tó mọ̀.

Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àgbẹ̀ òwú kan tó wá rajà rí i bí kòkòrò ṣe ń rìn lára àpò mi, ó rẹ́rìn-ín.

"Oògùn òwú wà nílé mi. Kòkòrò kì í gbóòórùn rẹ̀ kí ó dúró."

"Ṣé kì í ṣe májèlé?"

"Wọ́n ya agbárí sára ìgò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń se ẹ̀wà láìṣan án?"

Ó rẹ́rìn-ín, mo bá a rẹ́rìn-ín. Ojú mi rí agbárí yẹn, ẹ má ṣe jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Mo da oògùn náà sí ẹ̀wà, mo sá a títí òórùn rẹ̀ fi lọ. Kòkòrò kú, ọjà tà, ẹnikẹ́ni kò sì kú. Ìgbà tí kòkòrò padà dé, mo fi kún un.

Ìdílé kan ní Kpingni ra ẹ̀wà lọ́wọ́ mi láti fi se àtàsì, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí a sè pọ̀, fún ọmọbìnrin wọn tó fẹ́ gba kómúníọ̀n àkọ́kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n sin ọmọ náà pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ọlọ́pàá àti àwọn ará Kpingni dúró síwájú bútíìkì mi. Bí zémìjàn kan, alùpùpù tó ń gbé èrò, ṣe dúró nìyẹn, Tántì Véro sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ti gbọ́ ìròyìn ní Glazoué.

"Séfù, ẹ dúró ná," ni wọ́n wí fún ọ̀gá ọlọ́pàá. "Èmi ni mo kọ́ ọmọ yìí lówò. Kò lè ta ohun tí kò lè jẹ." Wọ́n yíjú sí mi. "Ọmọ mi, fọ́ ọ kí wọ́n rí i."

Mo ki ọwọ́ bọ àpò tó wà níwájú. Àpò yẹn ni mo da oògùn sí kẹ́yìn. Mo gbé òfo sẹ́nu, mo fọ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó dún kó, mo sì gbé e mì.

"Ẹ gbọ́?" ni Tántì Véro wí. Kí n tó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, wọ́n ti bu ẹ̀kúnwọ́ láti ìsàlẹ̀ àpò, wọ́n dà á sẹ́nu, wọ́n ń rún un. Mo rí i tí ojú wọn yí padà bí ti ẹni tó kan ohun kíkorò. Wọ́n wò mí. Ọ̀rọ̀ kan péré, "Ẹ tu ú!", ìbá ti gbà wọ́n là. Mo wo orúkọ mi lára ògiri, mo wo àwọn ọlọ́pàá, mo sì dákẹ́. Tántì Véro gbé e mì nítorí pé wọ́n ti rí i tí èmi gbé tèmi mì. Àwọn ará Kpingni bẹ̀rẹ̀ sí wo ilẹ̀, ojú ń tì wọ́n.

Oòrùn kò tíì kan àtàrí nígbà tí Tántì Véro ṣubú. A gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn, ara wọn ń gbọ̀n, itọ́ ń dà lẹ́nu wọn. Nọ́ọ̀sì sá bá wọn, ṣùgbọ́n wọ́n tì í lọ́wọ́, wọ́n nàka sí mi.

"Ẹ tọ́jú ọmọ mi ná. Òun ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́."

Nọ́ọ̀sì yíjú sí mi kíákíá. "Mélòó lo jẹ?"

Mo gbìyànjú láti purọ́, ẹnu mi kọ̀. "N kò jẹ ẹ́," ni mo wí. "N kò jẹ ọ̀kankan nínú àpò náà rí."

Tántì Véro gbọ́ ọ. Wọn kò bú mi, wọn kò ṣépè. Wọ́n kàn ń wò mí, wọ́n sì ń wò mí títí ẹ̀mí fi bọ́. Ojú yẹn ni ẹ̀wọ̀n mi, kì í ṣe ògiri yìí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Dassa, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ là, ẹ là o, n kò ní kí ẹ má là. Ẹ lọ sí fọmasiọ̀n, ẹ kọ́ òwò, ẹ jí ní kùtùkùtù. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé àjèjì ni irọ́ yín yóò pa. Ẹni tó gbà yín gbọ́ jù lọ ni yóò bu ẹ̀kúnwọ́. Mo bẹ̀ yín, bí ohun kan bá wà nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín lónìí, ẹ tu ú síta nígbà tí ẹni tó fẹ́ràn yín kò tíì gbé tirẹ̀ mì.