Àwọn Tí Mo Ní Kí Wọ́n Lọ Kú Sílé

Ẹ má wulẹ̀ wá ẹni tó fi ipá gba ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu mi, kò sí. Jẹjẹrẹ ti wọ inú ẹ̀dọ̀ mi, àwọn dókítà tí mo kọ́ níṣẹ́ sì ti ń fi ohùn jẹ́jẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, irú ohùn tí èmi fúnra mi kọ́ wọn láti máa fi bá ẹni tí kò ní pẹ́ lọ sọ̀rọ̀. Mo mọ ohùn náà dáadáa. Nítorí náà, kí n tó di olóògbé onínúure, ẹ jẹ́ kí n tètè ba ìsìnkú ara mi jẹ́. Ọ̀rọ̀ dídùn ni wọ́n máa sọ níbẹ̀, irọ́ sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Òótọ́ rèé.

Èmi Jacob Afọlábí, dókítà àrùn ọpọlọ, tí wọ́n ti ń pè ní Ọ̀jọ̀gbọ́n ní Ẹdẹ láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ìwé ìwádìí kan ló sọ mí di Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó dá lórí ọgọ́rùn-ún èèyàn tí rọpárọsẹ̀ kọlù, tí wọ́n gbé wá sí ọsibítù ńlá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. N kò ní dárúkọ ọsibítù náà, ògiri rẹ̀ kò ṣẹ̀ mí. Ohun tí ìwé náà ń wí kò le: ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n, báwo ni àìsàn náà ṣe mú wọn, ta ló yá, ta ló kú. Níbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti ń kọ ọ́ pé ọgbọ̀n kú nínú ọgọ́rùn-ún, tèmi jẹ́ mọ́kànlá péré. Nígbà tí mo ka iye yẹn ní ìpàdé àwọn dókítà ní Ìbàdàn, wọ́n dìde pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo ti ra kóòtù tuntun fún ọjọ́ náà, mo sì ti dúró síwájú dígí ní òtẹ́ẹ̀lì fún ogún ìṣẹ́jú, mo ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín ìrẹ̀lẹ̀. Ó ṣòro fún mi díẹ̀. N kò ṣe é rí.

Bí mo ṣe rí mọ́kànlá náà nìyí. Nínú ìwé wa, ọ̀nà mẹ́ta ni aláìsàn lè gbà kúrò: ó yá, ó kú, tàbí ẹbí gbé e lọ fúnra wọn. Ẹni tí ẹbí bá gbé lọ, a kì í kà á mọ́ òkú, ì báà kú sí ẹnu géètì. Èmi sì mọ àwọn ará Ẹdẹ. Àwọn Mùsùlùmí agbo ilé àtijọ́ kì í fẹ́ kí òkú wọn sùn sí mọ́ṣúárì. Wọ́n fẹ́ wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n kírun sí i lára, kí wọ́n sì sin ín lọ́jọ́ náà gan-an. Nǹkan iyì ni. Èmi ni mo sọ ọ́ di irinṣẹ́. Bí mo bá ti rí ẹni tó fẹ́ kú, màá pe àwọn ẹbí rẹ̀ sí kọ̀rọ̀, màá rẹ ohùn sílẹ̀: "Ẹ wò ó, tó bá lọ ṣẹlẹ̀ síbí, ìwé rẹ̀ pọ̀ o. Ó lè di ọ̀túnla kí wọ́n tó yọ̀ǹda wọn fún yín." Irọ́ ni. Ọjọ́ tí èèyàn bá kú la máa ń yọ̀ǹda rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á fọwọ́ síwèé, wọ́n á sì tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Àwọn kan ṣe àdúà fún àwọn ọmọ mi.

Mo máa ń sọ fún ara mi pé wọn ì bá kú náà ni. Fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ló rí. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún Àwáwù, ìyá kan tó jẹ́ ará Alajue nítòsí Ẹdẹ.

Inú oko ẹ̀gẹ́ ni wọ́n wà nígbà tí apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn rọ. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Labeebah, tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀, ló gbé wọn sínú kẹ̀kẹ́, tó dì wọ́n mú mọ́ra títí dé ọ̀dọ̀ wa. Wọn kò lè sọ̀rọ̀, wọn kò lè gbé nǹkan mì. A ki rọ́bà bọ imú wọn lọ sí ikùn, ibẹ̀ la ń gbà fún wọn lóúnjẹ. Bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án ni mo ń pè wọ́n. N kò rántí pé mo pe orúkọ wọn lẹ́ẹ̀kan rí. Nígbà tó ṣe, ibà mú wọn, àyà wọn ń dún kùrùkùrù, mo sì pinnu pé wọn ò ní yè é. Ọjọ́ Ẹtì ni mo fẹ́ parí ìwádìí mi, mo sì ti fi iye òkú mi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn ṣáájú. Bí wọ́n bá kú sórí bẹ́ẹ̀dì wa, mọ́kànlá á di méjìlá. Nítorí ẹyọ kan yẹn ni mo ṣe ṣe gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni mo bá Bàbá Ọláníyan, ẹ̀gbọ́n wọn tó jẹ́ àgbẹ̀, sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, ó sì ti ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n gbẹ́ sàréè. Ọ̀sán ọjọ́ náà, Nọ́ọ̀sì Fèyísọ́lá sáré bá mi.

"Ọ̀gá, ẹ wá wo màmá bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án. Ibà yẹn ti lọ! Mo ní kí wọ́n fún mi lọ́wọ́ pọ̀, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ já mi níka."

Mo lọ wò wọ́n. Òótọ́ ló sọ, oògùn wa ti ń ṣiṣẹ́. Dókítà tó bá nítìjú á yọ̀. Èmi ń ronú bí Ọ̀jọ̀gbọ́n ọ̀la ṣe máa padà lọ sọ fún àgbẹ̀ kan pé òun ṣì í ṣe.

Mo ní, "Ara máa ń mókun díẹ̀ kí wọ́n tó lọ."

"Sà? Ẹni tó ń fún èèyàn lọ́wọ́ pọ̀?"

"Ṣé ìwọ ni dókítà ni, àbí èmi?"

Ó padà sí ìdí bẹ́ẹ̀dì náà. Fèyísọ́lá, níbikíbi tí o bá wà, ìwọ lo tọ̀nà.

Labeebah náà bẹ̀ mí. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, màámi ṣẹ́jú sí mi. Ṣé a ò lè fi wọ́n sílẹ̀ di Mọ́ńdè?"

Bàbá Ọláníyan ló gbà á lẹ́nu mi. "Dókítà ń sọ̀rọ̀, ìwọ ń sọ ti ojú ṣíṣẹ́! Ṣé o fẹ́ kí ìyá ẹ sùn sínú fíríìsà ni?"

Mo mi orí bí ẹni tí àánú ń ṣe. Ọmọ ló yẹ kó fọwọ́ síwèé. Mo fi ìka mi tọ́ka ibi tó máa kọ orúkọ rẹ̀ sí fún un. Bírò mi ló fi kọ ọ́.

Kò tíì tán. Fèyísọ́lá kọ̀, kò yọ rọ́bà imú yẹn, èmi ni mo yọ ọ́. Bí a bá sì yọ ọ́ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, a gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn ẹbí pé kí wọ́n má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, ì báà ṣe omi, nítorí inú ẹ̀dọ̀fóró ló máa gbà lọ. Àìmọye ìgbà ni mo ti sọ ọ́. Lọ́jọ́ náà, mo la ẹnu, mo sì pa á dé. Bí mo bá sọ ọ́, Labeebah á bi mí pé kí ni màámi á wá máa jẹ, ìbéèrè yẹn nìkan ni ì bá sì jẹ́ kí gbogbo wọn rí i pé ẹni tí ebi ṣì máa pa là ń gbé lọ sin. Mo ní kí Ọlọ́run ṣe é ní ìrọ̀rùn. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹbí gbé e lọ. Mọ́kànlá dúró ní mọ́kànlá.

Ọdún kẹjọ lẹ́yìn ìgbà náà ni mo gbọ́ èyí tó kù. Yunifásítì kó wa lọ sí Alajue láti lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò fún àwọn ará ibẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Obìnrin kan kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ tọ́jú màámi, sà. Ẹ ṣeun." Labeebah ni. Ó ní ìyá òun kò kú lọ́jọ́ tí wọ́n gbé wọn délé, wọn kò sì kú lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n la ẹnu, wọ́n pe orúkọ òun, wọ́n ní ebi ń pa àwọn. Gbogbo ilé pariwo ayọ̀. Ó sáré po ẹ̀kọ mímu, ó ń fi ṣíbí bu ú sí wọn lẹ́nu. Níbi ṣíbí karùn-ún, ó há wọn. Àárọ̀ ọjọ́ kẹrin ni wọ́n kú sí i lọ́wọ́.

"Bàbá Ọláníyan ní èmi ni mo fọwọ́ síwèé, èmi náà ni mo fi ẹ̀kọ pa wọ́n. Láti ìgbà yẹn, wọn ò jẹ oúnjẹ ọwọ́ mi mọ́ nílé wa. Lásìkò ààwẹ̀, abọ́ ni mo máa ń fọ̀. Tí mo bá na búrẹ́dì sọ́mọ kékeré, ìyá rẹ̀ á gbà á lọ́wọ́ ẹ̀." Ó wò mí lójú. "Ẹ dákun sà, ẹ̀yin mọ̀wé. Ṣé lóòótọ́ ni pé èmi ni mo pa wọ́n?"

Mo so ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá. Mo ní, "Àkókò wọn ló tó." Mo pe ẹni tó kàn.

Èyí ló burú jù nínú ìwà mi. Ní ti àkọ́kọ́, ti ọsibítù, mo ń wá oyè. Ní ti èkejì, ti Alajue, oyè ti wà lọ́wọ́ mi, kò sí ohun tí òótọ́ ì bá gbà lọ́wọ́ mi ju ìtìjú ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, mo sì tún ní kí ọmọ ọlọ́mọ máa ru ẹ̀bi mi lọ.

Mo ti kọ̀wé sí àwọn tó tẹ ìwádìí náà pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Mo ti kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣàkóso iṣẹ́ wa pẹ̀lú. Ẹ̀yin dókítà ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ràn kí iye òkú yín kéré, ẹ lọ wá àwọn tí ẹ kọ ọ́ pé ẹbí gbé lọ. Ẹ wọ kẹ̀kẹ́, ẹ dé ẹnu ọ̀nà wọn, kí ẹ tó pàtẹ́wọ́ fún ara yín.

Labeebah, ìdáhùn tí mo jẹ ọ́ nìyí: rárá. Ìwọ kọ́. Ìyá rẹ ń yá lọ, èmi ló dá ìwòsàn wọn dúró, èmi ló mọ̀ pé ẹ̀kọ yẹn léwu tí n kò sọ fún ọ. O bọ́ ẹni tí ebi ń pa, ohun tí ọmọ rere ń ṣe lo ṣe.

Bàbá Ọláníyan, ẹ ṣì wà láyé, mo ti béèrè. Ẹ̀yin ni mo ní kí wọ́n mú ìwé yìí fún. Mo tàn yín jẹ, ẹ sì gbà mí gbọ́ nítorí pé ẹ fẹ́ sin àbúrò yín bó ṣe yẹ. Bí ẹ ò bá lè dárí jì mí, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á sókè lójú gbogbo agbo ilé. Bí wọ́n bá ti kà á tán, ẹ ní kí Labeebah lọ dáná. Ẹ jókòó dè é. Tó bá gbé abọ́ wá, kí ẹ̀yin kọ́kọ́ gbà á, kí ẹ sì jẹ ẹ́ tán níṣojú wọn.