Títú Ara Wò Lẹ́nu Géètì

Nígbà SAP, tí ìjọba ní ká fún ìgbànú mọ́ra tí iṣẹ́ sì wọ́n, lẹ́nu géètì ilé-iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìkẹjà, níbi tí ọlọ́dẹ ti ń tú òṣìṣẹ́ wò kí wọ́n tó relé, mo gbọ́ tí obìnrin kan ń sọ fún bàbá tó wà níwájú rẹ̀ pé:

“Bàbá, ẹ ti ṣí fìlà, ó ku ṣòkòtò. Ẹni tó kọ̀ lánàá, wọ́n ti lé e.”

“Ọmọ mi, nígbà tó kù dẹ̀dẹ̀ kí òyìnbó gbé ìjọba sílẹ̀, èmi ni mo ń kígbe níbí pé bí wọ́n bá lọ, kò sẹ́ni tí yóò tún tú wa wò bí olè.”

“Wọ́n sì lọ.”

“Wọ́n lọ. Fìlà nìkan ni òyìnbó ní ká máa ṣí. Ọmọ wa tó jókòó sípò rẹ̀ ló ní kí n bọ́ ṣòkòtò lójú obìnrin.”

Obìnrin náà bojú wo àwọn obìnrin tó tò sẹ́yìn rẹ̀.

“Ẹ bọ́ ọ, Bàbá. A ó kọjú sógiri.”