Àtàǹpàkò Tó Wà Lẹ́yìn Táìlì

Mo wà lórí ìlà níbi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì ní Chinatown, níbí ní Chicago, nígbà tí mo gbọ́ Yorùbá lẹ́yìn mi: obìnrin kan tó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì ń bá ọkùnrin kan tó ti ń hu ewú sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo yí àdúgbò yìí po kí n tó rí parking. Ilé gogoro ọ̀ọ́kán yẹn, ṣé wọn ò lè wó o ni?"

"Mo wà lára àwọn tó tún un ṣe."

"Ẹ̀yin?"

"Èmi. Ibẹ̀ ni ará Ṣáínà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ti ń wá ibi sùn láyé ọjọ́un. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ gbogbo táìlì ara rẹ̀. Mo yọ ọ̀kan, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì rí àmì àtàǹpàkò èèyàn. Ẹni tó mọ ọ́n ló tẹ̀ ẹ́ nígbà tí amọ̀ ṣì tutù. Wọn ò tíì bí bàbá mi nígbà yẹn."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo fi àtàǹpàkò tèmi lé e. Ó ṣe wẹ́kú."

"Àtàǹpàkò ta ni?"

"Ta ló mọ̀? Mo ti dá táìlì náà padà sáyè rẹ̀. Inú ògiri ni ẹ̀yìn rẹ̀ wà, kò sẹ́ni tó máa rí i mọ́. Ẹni tó ṣe é ò mọ̀ pé mò ń bọ̀."

Ẹni tó ń ta búrẹ́dì pè mí lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dáhùn. Àtàǹpàkò mi ni mò ń wò.