Ẹ̀kọ Gbígbóná Tí Mo Mọ̀ọ́mọ̀ Dà Sára

Bàrákàt, gbé ọmọ yẹn fún ọkọ rẹ kó o jókòó. Mùhámmẹ́d, ọkọ ọmọ mi, ìwọ náà gbọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tó gbọ́dọ̀ jáde kí ẹ tó padà sí Ìláwẹ̀ lọ́la. Ìyá rẹ ti gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sì ti búra pé òun ò ní bá mi sọ ọ́ fún ọ. Wọ́n ní ẹnu tó jẹ dòdò kì í sọ òdodo, àmọ́ uyán, iyán tiwa níbí, lèmi jẹ, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ẹ rántí bí mo ṣe jábọ́ lórí igi obì lóko. Mùdùnmúdùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn ló fara pa níbi ọrùn. Ẹsẹ̀ méjèèjì kú, ọwọ́ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ. Nígbà tí wọ́n ní ẹnì kan ń bọ̀ láti ilé ìwòsàn wá kọ́ mi ní iṣẹ́ òòjọ́, mo fara ya. Mo ní, "Èmi Yẹ̀kínì tí mo ti ń kọ ebè láti kékeré, iṣẹ́ wo lẹ tún fẹ́ kọ́ mi?" Fadékẹ́mi, ọmọbìnrin tó wá náà, rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Bàbá, wíwọ aṣọ, fífọ eyín, jíjẹun, iṣẹ́ òòjọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ẹ máa tún wọn kọ́ ni." Ó mú ṣíbí kan jáde tó ti fi fóòmù wé ìdí ẹ̀ kó lè rọrùn láti dì mú. Ṣíbí kẹ̀! Mo ní èmi ò ní fi ṣíbí jẹ uyán láyé, ní Ìkẹ́rẹ́ ńbí! Ẹlòmíì ìbá bínú. Òun ní kí wọ́n gbé uyán náà wá. Ó fi hàn mí pé bí mo bá tẹ ọrùn ọwọ́ sẹ́yìn, àwọn ìka tó ti kú á ká wá síwájú fúnra wọn, wọ́n á sì di òkèlè mú. Ó máa ń bọ́, a máa ń tún un ṣe. Nígbà tó yá, òkèlè dé ẹnu. Mo sunkún bí ọmọdé.

Ibẹ̀ gan-an ni ìwà burúkú mi ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ní fún Fadékẹ́mi, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ fún un. Mo fẹ́ fi yà á lẹ́nu lọ́jọ́ Iléyá." Ó gbà mí gbọ́. Irọ́ gbuu ni. Ṣé o rántí bí èmi àti Tàwàkálítù ìyá rẹ ṣe ń gbé kí n tó ṣubú? Á gbé oúnjẹ sílẹ̀, á ní "Ẹ wá jẹun o," á sì bá tirẹ̀ lọ. Ìgbà tó di pé ó ń bọ́ mi ló tó ń jókòó tì mí. Á máa bọ́ mi, á máa ròyìn ẹni tó bímọ, ẹni tó kọ́lé, ẹni tó jà lọ́jà. A ó máa rẹ́rìn-ín títí ọbẹ̀ á fi tutù. Inú mi ń dùn, Bàrákàt, ó ń dùn ju ìgbà tí mo lẹ́sẹ̀ lọ. Ẹ̀rù wá ń bà mí pé bó bá rí i pé ọwọ́ mi ti ń dé ẹnu, kí ni yóò tún mú un jókòó? Bó bá ti wọlé, ni màá jẹ́ kí ọwọ́ rọ bí ewé tí oòrùn pa. Àgbàyà ni mí!

Ìgbà náà lo bímọ, tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbé e. Ìyá ọkọ rẹ ti kú, ìyá rẹ nìkan ló kù tí yóò wá wẹ ọmọ. Modúpẹ́ aládùúgbò wa àti ọkọ rẹ̀ gbà láti máa tọ́jú mi. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ìyá rẹ fẹ́ máa bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ, ẹrù ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ife ẹ̀kọ sórí tábìlì mi kó lè tutù, ó lọ wẹ̀. Ọwọ́ yìí, ọwọ́ tí Fadékẹ́mi jí dìde, òun ni mo fi fà á. Mo mọ̀ọ́mọ̀ dà á sórí itan mi. Kò dùn mí rárá, ẹsẹ̀ tó ti kú kì í gbọ́ iná. Àmọ́ nígbà tí ìyá rẹ ṣí aṣọ, awọ ti bó. Ó figbe ta: "Yéè! Èmi ni mo fà á! Èmi ni mo gbé e síbẹ̀!" Ó tú ẹrù rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà o pè é lórí fóònù, ò ń sunkún pé o ò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wẹ ọmọ, ojú abẹ ń ta ọ́. Mo gbọ́ ohùn rẹ ketekete. Lẹ́yìn náà ó gbé oúnjẹ wá, mo la ẹnu, ó bọ́ mi.

Egbò náà pẹ́ kó tó jinná. Ní gbogbo àkókò yẹn, òun ló ń bẹ̀ mí pé kí n dárí ji òun. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó tún bẹ̀rẹ̀. Mi ò lè fara dà á mọ́. Mo na ọwọ́, mo bu òkèlè, mo tì í bọnú ọbẹ̀, mo jẹ ẹ́ lójú ẹ̀. Mo wá sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Ó jáde lọ sẹ́yìnkùlé, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó wọlé, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní, "Bàbá Bàrákàt, ẹ ò ṣe ní kí n jókòó? Mo rò pé ẹ ò fẹ́ ariwo nídìí oúnjẹ ni." Ó jókòó, ó bu òkèlè tirẹ̀ nínú abọ́ mi. Látìgbà náà la ti jọ ń jẹun, ó sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé òkèlè aláìsàn ló tóbi jù nínú ilé yìí.

Ìwọ ló wá kù, ọmọ mi. O fi ojú abẹ tútù bẹ̀rẹ̀ wẹ ọmọ, torí pé bàbá rẹ ò lè la ẹnu sọ fún ìyàwó ara rẹ̀ pé kó jókòó. Foríjì mí, nítorí Ọlọ́run. Mùhámmẹ́d, ìwọ tó o máa ń tẹ fóònù bó o bá ń jẹun, bó o bá fẹ́ ìyàwó rẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, wí i síta. Lọ́la, ìyá yín á bá yín lọ. Ọmọ náà ti ń rá, kò pọn dandan kí ìyá àgbà wẹ̀ ẹ́ mọ́, àmọ́ kó wẹ̀ ẹ́. Kó pẹ́ níbẹ̀ dáadáa. Èmi á máa dá jẹun.